Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn kì í ṣe sípíkà: bó ṣe ń pín agbára fún ohùn kékeré àti ohùn ńlá

Látìgbà tí mo ti ń lo ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, ìbéèrè kan ò kúrò lẹ́nu àwọn èèyàn. Wọ́n á ní bọ̀dá, ṣebí ẹ ti ki ẹ̀rọ bọ etí, kí ló dé tẹ́ ẹ ṣì ń sọ pé "kí lẹ wí?", tá a bá tún wá gbóhùn sókè fún yín, ẹ ó ní a fẹ́ dí yín létí. Lójú wọn, ohun méjèèjì ò lè jọ rìn: ẹni tí ò gbọ́ran dáadáa, báwo ni ariwo ṣe tún ń pa á lára? Àwọn míì tiẹ̀ rò pé ṣe la ń díbọ́n, pé èyí tó bá wù wá la máa ń gbọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mí, kì í ṣe torí ara mi nìkan o, torí àwọn ìyá àti bàbá àgbà tí wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀ fún nínú ilé tí wọn ò rí ọ̀nà ṣàlàyé ara wọn, tí wọ́n á kàn yọ ẹ̀rọ náà sínú dúrọ́ọ̀, ó parí nìyẹn, wọn ò ní wò ó mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ sọ ọ́ kúnná lónìí, ohun tí ẹ̀rọ yìí ń ṣe sí ohùn kékeré, ohun tó ń ṣe sí ohùn ńlá, àti ìdí tí kò fi gbọdọ̀ ṣe méjèèjì bákan náà.

Ẹ jẹ́ ká ti inú etí fúnra ẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá kọjá ìlù etí àti eegun kéékèèké mẹ́ta tó wà lẹ́yìn ẹ̀, ibì kan wà tí omi kún inú ẹ̀, cochlea ni wọ́n ń pè é. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó nírun lórí ló tò síbẹ̀, oríṣi méjì ni wọ́n. Ti inú, bíi 3,500 nínú etí kan, àwọn ló ń gbé ohùn lọ fún ọpọlọ. Ti ìta, bíi 12,000, iṣẹ́ tiwọn yàtọ̀ pátápátá, ohùn kékeré ni wọ́n ń ràn lọ́wọ́. Ní 1985, William Brownell àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ fi hàn pé tí iná mànàmáná bá kan sẹ́ẹ̀lì ìta yìí, ó máa ń gùn, á sì tún kúrú. Gígùn àti kíkúrú yẹn ló ń ti ohùn kékeré lẹ́yìn, ìtìlẹyìn náà sì lè tó 40 dB sí 60 dB (dB ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe ńlá tó, mo ń bọ̀ wá ṣàlàyé ẹ̀). Ṣùgbọ́n tí ohùn bá ti ńlá fúnra ẹ̀, wọn kì í dá sí i mọ́, bó ṣe wá náà ló ṣe máa kọjá. Ẹ fọkàn sí ibí yìí dáadáa, torí ibẹ̀ ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ ti yọ: etí tó dá ṣáṣá kì í fún gbogbo ohùn ní ìrànlọ́wọ́ kan náà. Ó ń ran kékeré lọ́wọ́ gan-an, ó ń ran àárín díẹ̀, ńlá ò rí nǹkan kan gbà.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì ìta yìí náà ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Ariwo ń bà wọ́n jẹ́, ọjọ́ orí ń bà wọ́n jẹ́, oògùn bíi gentamicin àti streptomycin lè bà wọ́n jẹ́, tí wọ́n bá sì ti kú nínú etí èèyàn, wọn kì í hù padà. Tèmi, ilé ìtẹ̀wé ní Ṣómólú ló ti wá, ọ̀pọ̀ ọdún nídìí ẹ̀rọ tó ń dún gbàgà gbàgà láti àárọ̀ di alẹ́, jẹnẹrétọ̀ sì wà lẹ́yìn fèrèsé. Ariwo irú ẹ̀ sábà máa ń kọ́kọ́ mú ohùn tó wà láàárín 3000 Hz sí 6000 Hz, ìyẹn àwọn ohùn tín-ín-rín òkè (Hz ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe ga tàbí bó ṣe rẹlẹ̀ lórí orin). Nígbà tí wọ́n yẹ etí mi wò, ní 500 Hz tó jẹ́ ìsàlẹ̀, mo ń gbọ́ ohùn láti 20 dB, ìyẹn ò burú. Ní 4000 Hz, ó di 60 dB kí n tó mọ̀ pé nǹkan ń dún.

Ẹni tí kò bá mọ dB, ẹ gbọ́ ná. 0 dB lórí ìwé àyẹ̀wò ni ohùn tó kéré jù tí etí ọ̀dọ́ tí ara ẹ̀ le máa ń gbọ́. Ọ̀rọ̀ tá a ń sọ jẹ́ẹ́jẹ́ láàárín ara wa máa ń wà ní bíi 60 sí 65. Tó bá dé bíi 100, ara á máa ni ọ̀pọ̀ èèyàn. Kì í ṣe ìṣirò owó o, kì í ṣe pé 20 jẹ́ ìlọ́po méjì 10. Gbogbo ìgbà tó bá fi 10 gòkè, agbára ohùn náà ti di ìlọ́po mẹ́wàá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lójú etí wa, bíi ìlọ́po méjì péré ló máa ń jọ. Nítorí náà 60 dB tí mo ní mi ò gbọ́ yẹn, nǹkan ńlá ni.

Wàyí o, ẹ wo ìgbọ́ràn bíi yàrá. Ilẹ̀ yàrá ni ohùn tó kéré jù tó o lè gbọ́, àjà ni ibi tí ohùn ti ń di ìrora. Yàrá ẹni tí etí ẹ̀ pé ga dáadáa, láti 0 dé 100, ohùn kékeré, ohùn àárín, ohùn ńlá, gbogbo wọn dúró nàró láìforí sọ àjà. Tí sẹ́ẹ̀lì ìta bá kú, ilẹ̀ ló máa gòkè. Àjà ò ní gòkè. Tèmi ní 4000 Hz, ilẹ̀ ti gòkè dé 60, àjà ṣì wà ní bíi 100 níbi tó wà látilẹ̀. 40 dB péré ló kù fún mi láti fi gba gbogbo ohun tí ẹlòmíràn ń fi 100 gbà. Ìdí nìyẹn tí ohùn á fi wà níbẹ̀ tí mi ò ní gbọ́, ó fi díẹ̀ gòkè mi ò gbọ́, ó tún fi díẹ̀ gòkè, mo gbọ́, kẹ́ ẹ tó pajú pẹ́ ó ti ń ro mí lórí. Loudness recruitment ni àwọn oníṣẹ́ etí ń pè é. Kò sí ìdíbọ́n kankan níbẹ̀. Bàbá tó ń ní "ẹ sọ̀rọ̀ sókè" tó tún ń ní "ẹ má pariwo mọ́ mi" láàárín ìṣẹ́jú kan náà, òótọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀méjì ló sọ.

Ibi tí mo ti fẹ́ kẹ́ ẹ rí i pé ẹ̀rọ tó kàn ń gbé ohùn sókè ò lè yanjú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà sí i. Ká ní ẹ̀rọ kan wà tó ń fi 30 dB kún gbogbo ohùn tó bá ti wọlé, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ láti yàrá kejì, ohùn ẹ̀ dé máìkì ní 45, ó di 75, ó dáa, mo gbọ́. Ìyàwó mi tó jókòó tì mí ń sọ̀rọ̀ ní 65, ó di 95, ó ti fẹ́ máa pọ̀ jù. Ọlọ́kadà kan fọn fèrè nítòsí, ó dé máìkì ní 85, ó di 115, ìyẹn ti kọjá àjà tèmi tipẹ́tipẹ́. Ohun táwọn ẹ̀rọ àtijọ́ máa ń ṣe láti dáàbò bo etí ni pé wọ́n á ní ibi tí ohùn ò gbọdọ̀ kọjá, tó bá dé ibẹ̀ wọ́n á kàn gé orí ẹ̀ dànù, peak clipping. Òótọ́ ni pé kò ní fọ́ ẹ létí, ṣùgbọ́n ohùn tí wọ́n ti gé lórí á máa ha, á máa bú, ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ á dàrú. Èèyàn á wá yí vólúùmù sílẹ̀ nítorí ọlọ́kadà, ọmọ tó wà ní yàrá kejì á sì tún pòórá. Bí ọwọ́ ò ṣe ní kúrò nídìí bọ́tìnnì nìyẹn ní gbogbo ọjọ́ ayé.

Ẹ̀rọ tó ń ṣe compression, ìyẹn èyí tó ń dín ìrànlọ́wọ́ kù bí ohùn bá ṣe ń ńlá sí i, ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ká ní wọ́n ṣètò ẹ̀ sí 2:1 láti 45 dB lọ sókè. Ìyẹn ni pé gbogbo 2 dB tí ohùn bá fi gòkè níta, 1 dB péré ni á fi gòkè nínú etí mi. Ohùn 45 ṣì máa gba 30 tiẹ̀, ó di 75. Ohùn 65 máa gba 20, ó di 85. Fèrè ọlọ́kadà tó wọlé ní 85, 10 ni wọ́n á fún un, ó di 95, ó le lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo lè gbà á mọ́ra. Ẹ wò ó dáadáa: láti 45 dé 85 jẹ́ 40 dB níta, nínú etí mi ó ti di 75 sí 95, 20 dB péré. A ti gba gbogbo wọn wọlé láìsí ẹni tó forí gbá àjà. Ohun tí sẹ́ẹ̀lì ìta ń ṣe kó tó kú nìyẹn, ẹ̀rọ yẹn ń bá wa ṣe díẹ̀ nínú ẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ ya èyí sórí ìwé, ìlà náà máa ṣẹ́ níbi 45 yẹn, ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní kneepoint. Nísàlẹ̀ kneepoint, àwọn ẹ̀rọ òde òní máa ń ṣe òdìkejì, wọ́n á dín agbára kù bí ohùn bá ṣe ń kéré sí i, kó má baà jẹ́ pé ìró fáànù, ìró fíríìjì àti ìró máìkì fúnra ẹ̀ ni wọ́n á máa gbé tọ̀ wá wá ní òru. Lókè pátápátá sì tún nìyí, ààlà wà níbẹ̀, tí ohùn bá dé ibẹ̀ compression á le gan-an, 10:1 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí nǹkan kan má lè kọjá. Ààlà yẹn ṣe pàtàkì débi pé òfin ń dá sí i. Láti October 2022 ní Amẹ́ríkà, àgbàlagbà tí ìgbọ́ràn ẹ̀ dín kù díẹ̀ tàbí níwọ̀nba lè ra ẹ̀rọ ìgbọ́ràn láìgba ìwé lọ́wọ́ dọ́kítà, òfin náà sì ní ohùn tó ń jáde nínú ẹ̀ ò gbọdọ̀ kọjá 111 dB, àfi tó bá jẹ́ èyí tó ń ṣe compression sí ohùn tó ń wọlé, ìyẹn nìkan ni wọ́n gbà láyè dé 117. Ẹ fi ìyẹn wé àwọn amplifier olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà káàkiri tó jẹ́ bọ́tìnnì vólúùmù kan ló wà lára ẹ̀. Mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni ra irú ẹ̀ fún ìyá tàbí bàbá ẹ̀. Etí tó kù díẹ̀ káàtó, wọ́n tún fẹ́ fi ariwo lé èyí tó kù lọ.

Ẹnì kan wà tí mo máa ń fẹ́ káwọn èèyàn mọ orúkọ ẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, Edgar Villchur, ará Amẹ́ríkà. Ìdí sípíkà ló ti kọ́kọ́ lókìkí, òun ló ṣe sípíkà AR-1 tó jáde ní 1954, tó kéré tó sì ń gbé báàsì jáde dáadáa. Nígbà tó yá ló yíjú sí ọ̀rọ̀ etí. Ní 1973 ó tẹ ìwádìí jáde tó fi hàn pé téèyàn bá pín ohùn sí ọ̀nà méjì, ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀, òkè lọ́tọ̀, tó wá ṣe compression sí ọ̀kọ̀ọ̀kan bí etí aláìgbọ́ràn náà bá ṣe rí, ọ̀rọ̀ máa ń yé wọn sí i. Ọdún tó tẹ̀ lé e ó ṣe ohun tó wú mi lórí jù: ó ṣe ohùn kan tó fi jẹ́ kí ẹni tí etí ẹ̀ pé náà gbọ́ bí ayé ṣe ń dún létí ẹni tó ní recruitment. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé pẹ̀lú wa, irú ohùn yẹn ló yẹ kẹ́ ẹ gbọ́ lẹ́ẹ̀kan láyé yín. Kò sì gba pátẹ́ẹ̀ǹtì lé iṣẹ́ náà lórí, ó sọ ọ́ fáyé gbọ́ kí ẹni tó bá fẹ́ lò ó lò ó. Ní 1996 ni àwọn ẹ̀rọ díjítà gidi bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọjà, ilé iṣẹ́ Widex gbé Senso jáde, ilé iṣẹ́ Oticon gbé DigiFocus jáde, látìgbà náà kọ̀ǹpútà kékeré ló wà lẹ́yìn etí wa, iṣẹ́ Villchur sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn gbé lérí.

Pínpín ohùn sí ọ̀nà tó pọ̀ yìí ṣe pàtàkì fún wa tá à ń sọ Yorùbá o. Ohùn dò rè mí tá a fi ń sọ̀rọ̀, ìsàlẹ̀ ló wà, ibi tí ohùn ọ̀fun ti ń bẹ̀rẹ̀, bíi 100 Hz fún ọkùnrin, bíi 200 Hz fún obìnrin. Fáwẹ́lì náà, ìsàlẹ̀ sí àárín. Ṣùgbọ́n s, ṣ, f, t, k, òkè lọ́hùn-ún ni ọ̀pọ̀ agbára wọn wà, wọ́n sì rọra ń dún ni, ó lè fi 20 tàbí 30 dB kéré sí fáwẹ́lì tó tẹ̀ lé e. Ẹni tí etí ẹ̀ rí bíi tèmi, orin ọ̀rọ̀ náà á wọlé pé pérépéré, ìró tó ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ sí ìkejì ni ò ní wọlé. Wọ́n lè sọ pé "wọ́n fá a lórí" kí n gbọ́ "wọ́n ṣá a lórí". Ohùn orí méjèèjì ò yàtọ̀, f àti ṣ nìkan ló yàtọ̀, ẹ sì mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni tí wọ́n fá lórí àti ẹni tí wọ́n ṣá lórí. "Ó ti tà á", "ó ti kà á", bẹ́ẹ̀ náà ni. Tí ẹ bá wá pariwo sọ ọ́, fáwẹ́lì lẹ gbé sókè, f yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ gòkè, ẹ̀rọ sì ti rí i pé ohùn yín ńlá, ó ti fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ohun tẹ́ ẹ pariwo fún gan-an lẹ fi ariwo pa.

Ẹ̀rọ tó ní ọ̀nà púpọ̀ máa ń fi ìsàlẹ̀ mi sílẹ̀ bó ṣe wà torí mi ò fi bẹ́ẹ̀ nílò nǹkan kan níbẹ̀, á wá lọ fi agbára sí òkè, compression tó wà lókè sì máa le ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Ohun kan tó fi mí lọ́kàn balẹ̀ nígbà tí mo mọ̀ ọ́n ni pé compression kì í yí dò padà di mí. Bí ohùn ṣe ńlá tó ló ń yí, kì í yí bó ṣe ga lórí orin. Ọ̀rọ̀ wa ṣì máa dún bí ọ̀rọ̀ wa.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìyára, èyí tí wọn kì í sábà ṣàlàyé fún wa, òun ló sì ń yọ èmi lẹ́nu jù nílùú tí iná kì í dúró. Tí ohùn ńlá bá dé lójijì, bí ìgbà tí atẹ́gùn gbá ilẹ̀kùn, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ tètè dín agbára kù, tí wọ́n bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà 1000, ó lè ṣe é láàárín nǹkan bí 5 nínú ẹ̀. Attack time nìyẹn. Tí ohùn ńlá bá ti lọ, á dá agbára padà, release time nìyẹn, ibẹ̀ ni àwọn ẹ̀rọ ti yàtọ̀ síra gan-an, àwọn kan á dá a padà láàárín 50 nínú ọ̀nà 1000 yẹn, àwọn míì á lo ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Èyí tó yára dáa fún kọ́ńsónáńtì, torí kété tí fáwẹ́lì ńlá bá ti kọjá, ẹ̀rọ á ti gbé agbára sókè de t tàbí s kékeré tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ jókòó sí ilé tí jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́ ní bákíyàdì kẹ́ ẹ wá rí i. Ẹni tó ń bá mi sọ̀rọ̀ bá dánu dúró láti mí, ẹ̀rọ á rò pé ibẹ̀ ti dákẹ́, á gbé agbára sókè, ni jẹnẹrétọ̀ bá rú wá, vuuuu, onítọ̀hún tún sọ̀rọ̀, jẹnẹrétọ̀ rọlẹ̀, ó tún dánu dúró, vuuuu. Tó bá fi máa di alẹ́, orí á ti máa fọ́ mi. Pumping ni wọ́n ń pe ìyẹn.

Èyí tó lọ́ra kì í ṣe bẹ́ẹ̀, jẹnẹrétọ̀ á dúró sójú kan, ohùn á dún bí ohùn gidi. Àléébù tiẹ̀ ni ìpàdé ẹbí. Àbúrò bàbá mi á sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn ńlá ẹ̀, ẹ̀rọ á dín agbára kù fún un, tó bá parí tí màmá mi wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ ẹ̀ dáhùn, ẹ̀rọ ò tíì dá agbára padà, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ màmá á ti lọ. Síbẹ̀ èyí tó lọ́ra ni mo yàn, mi ò sì kábàámọ̀. Stuart Gatehouse àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Scotland tẹ ìwádìí kan jáde ní 2006 tó fi hàn pé kì í ṣe etí nìkan ló ń sọ èyí tó máa dáa fún èèyàn, bí ọpọlọ ṣe ń yára mú nǹkan náà wà níbẹ̀, àwọn tí ọpọlọ wọn yá gan-an ló ń jèrè èyí tó yára jù. Nítorí náà, àwọn àgbàlagbà tí ọ̀rọ̀ ti ń pẹ́ díẹ̀ kó tó yé wọn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi wọ́n sí èyí tó yára láìjẹ́ pé wọ́n tọ́ èyí tó lọ́ra wò.

Òde ńkọ́? Òde le. Ìlù tó wà níwájú sípíkà ńlá lè ti kọjá ohun tí máìkì àti ibi tí ẹ̀rọ ti ń sọ ohùn di nọ́ńbà lè gbé. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ díjítà, pàápàá àwọn tó ti pẹ́ díẹ̀, bíti 16 ni wọ́n fi ń ka ohùn, ìyẹn sì jẹ́ bíi 96 dB láti ìsàlẹ̀ dé òkè, èyí tó bá ga ju bẹ́ẹ̀ lọ á ti bàjẹ́ lẹ́nu ọ̀nà kí compression tó rí i. Ẹ lè yí vólúùmù sílẹ̀ títí, ohun tó ti bàjẹ́ lẹ́nu ọ̀nà ti bàjẹ́. Kẹ́ ẹ kúrò nítòsí sípíkà ló kù. Tí ẹ̀rọ yín bá ní ètò fún orin, ẹ ní kí wọ́n tan án fún yín, compression inú ẹ̀ máa ń rọra ju ti ọ̀rọ̀ lọ, wọ́n sì máa ń dín ohun tó ń dènà súfèé ẹ̀rọ kù níbẹ̀, torí ohun yẹn lè gbọ́ fèrè olórin kó rò pé súfèé tara ẹ̀ ni, kó bẹ̀rẹ̀ sí í pa á rẹ́.

Gbogbo nọ́ńbà tí mo ń kà sílẹ̀ yìí, ẹnì kan ló ń fi wọ́n sínú ẹ̀rọ o, wọn kì í bá a jáde ní fátìrì. Audiologist, ìyẹn oníṣẹ́ etí tó ń ṣètò ẹ̀rọ, á fi ìwé àyẹ̀wò yín sínú kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà á lo ìlànà kan láti ṣírò iye tí ohùn kọ̀ọ̀kan máa gbà. Ìlànà méjì ló gbajúmọ̀ jù, NAL-NL2 tí National Acoustic Laboratories ti Ọsirélíà ṣe, àti DSL tó wá láti Western University ní Kánádà. Nínú NAL-NL2, ibì kan wà tí wọ́n ti ń béèrè bóyá èdè tẹ́ ẹ ń sọ jẹ́ èdè tó ń lo ohùn òkè ohùn ìsàlẹ̀ bíi tiwa. Tí wọ́n bá mú un, á fi díẹ̀ kún agbára tó ń lọ sí ìsàlẹ̀, níbi tí dò rè mí wà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London tí NHS, ètò ìlera ìjọba ibẹ̀, ń fún lẹ́rọ lọ́fẹ̀ẹ́, tó bá jẹ́ Yorùbá lẹ ń sọ nílé ní gbogbo ọjọ́, ẹ sọ fún wọn, torí ẹni tó jókòó níwájú kọ̀ǹpútà lè gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì yín kó rò pé òun nìkan lẹ ń sọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé náà, ẹ béèrè.

Lẹ́yìn ìyẹn ó yẹ kí wọ́n wọ̀n ọ́n nínú etí yín gangan. Wọ́n á ki rọ́bà kan tó tín-ín-rín bíńtín wọnú ihò etí, á kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, wọ́n á wá gbé ọ̀rọ̀ jáde láti sípíkà níwájú yín lẹ́ẹ̀mẹta, kékeré ní bíi 50 dB, àárín ní 65, ńlá ní 80, ìlà mẹ́ta á yọ lójú kọ̀ǹpútà. Ìlà mẹ́ta yẹn ni kẹ́ ẹ máa wò. Tí compression bá ń ṣiṣẹ́, wọ́n á sún mọ́ra ju bí wọ́n ṣe wọlé lọ, 30 dB tó wà láàárín kékeré àti ńlá á ti dín kù, pàápàá lápá òkè. Tí kékeré bá wà nísàlẹ̀ ibi tí etí yín ti ń gbọ́, ẹ ò ní gbọ́ ọmọ tó ń pè yín láti yàrá kejì. Tí ńlá bá ti fẹ́ kan ibi ìrora, ọjà á máa lé yín padà sílé.

Nígbà tẹ́ ẹ bá wá dé ilé, ẹ má kàn padà lọ sọ pé "kò dáa" tàbí "ó ń pariwo". Ẹ máa kọ ọ́ sínú fóònù bó ṣe ń ṣẹlẹ̀, ohun tó dún gan-an lẹ máa kọ. Tó bá jẹ́ pé ṣíbí tó kan abọ́ ló ń gún yín létí, ti òkè ni, ohùn ńlá ni, kí wọ́n dín 80 kù lápá òkè, kí wọ́n má fọwọ́ kan 50. Tó bá jẹ́ pé ìró bébà ọ̀rá àti omi ẹ̀rọ ló ń dí yín lọ́wọ́ nínú ilé tó dákẹ́, kékeré ni wọ́n fún ní púpọ̀ jù, kí wọ́n dín 50 kù díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyẹn sábà máa ń rọlẹ̀ fúnra ẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí ọpọlọ bá ti mọ̀ ọ́n, nítorí náà ẹ má kánjú. Tó bá jẹ́ pé ilẹ̀kùn tó gbá ló ń mú yín fò sókè, ààlà òkè pátápátá ni kí wọ́n yẹ̀ wò. Tí gbogbo èèyàn bá ń dún bí ẹni tó wà níbì kan náà, ẹni tó wà nítòsí àti ẹni tó wà lójúde, ìyẹn túmọ̀ sí pé compression ti le jù, kí wọ́n dín ratio kù, ìyẹn irú 2:1 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Tí jẹnẹrétọ̀ bá sì ń rú tó ń rọ bí èèyàn ṣe ń mí, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí release time lọ́ra sí i.